Nígbà Tí A Ń Sanwó Ẹgbẹ́

Orí fóònù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú báyìí. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló gbé tirẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní kí n ka nọ́ńbà NIN mi sí òun létí, ó ní kí n gbójú sókè kí òun ya fọ́tò mi, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó ní ó ti parí. Mo bi í pé èló ni owó ìwọlé, èló sì ni a ó máa dá lóṣù. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń bá a ṣeré. “Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sanwó. Tí nǹkan bá ti òkè wá, àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ ni wọ́n máa pín in fún.”

N kò bá a jà. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe rí lójú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn: ẹgbẹ́ ló lówó, ará àdúgbò ló ń gbà. Òfin ìdìbò ọdún 2022 ló pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, lórí bébà àti nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì gbé e fún àjọ INEC kí wọ́n tó dìbò abẹ́lé. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ tí èmi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, iye owó sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Ìjọba ológun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òṣèlú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1978. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti kéde ẹgbẹ́ tirẹ̀, Unity Party of Nigeria. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn àgbà kò tilẹ̀ dúró kọ́ orúkọ òyìnbó yẹn. Àwọn kan ṣì ń pè é ní ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ, bí ẹni pé Action Group, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kò kú rí. Àwọn tó kù ń pè é ní Ìmọ́lẹ̀.

Ìyá mi ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní Ọjà Ifẹ̀, Ìlódè ni a sì ń gbé. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n ó mọ owó kà, ó mọ ènìyàn, kò sì sí agbo ilé tí kò lè wọ̀ ní àdúgbò wa láìkan ìlẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ìyá ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì rántí pé òun ti ń sanwó ilé ìwé lórí mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó ra lẹ́jà gbọọrọ kan, ó ra rúlà, ó ra bébà kábọ́ọ̀nù tí a ó máa fi sáàárín rìsíìtì. Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Àwọn ọkùnrin wọ́ọ̀dù ní akọ̀wé tiwọn, tó ń wọ kóòtù, tó sì ń kọ lẹ́tà. Èmi ni mo ń kọ owó.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mítíìnì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ńlá kan tí òrùlé páànù rẹ̀ ti ń jẹ ìpẹtà. Wọ́n á gbé iná gáàsì kọ́ sí àárín, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń hó bí ejò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, tí kòkòrò alẹ́ á sì yí ká títí yóò fi kú sórí lẹ́jà mi. Mo ń fi ọwọ́ gbá wọn kúrò lórí orúkọ àwọn ènìyàn. Títí di òní, bí mo bá ṣí ìwé àtijọ́ tí mo bá ìyẹ́ kòkòrò níbẹ̀, òórùn kẹrosín ló máa ń wá sí mi nímú.

Ṣílè kan ni owó ọ̀sẹ̀. Náírà àti kọ́bọ̀ ti wà láti ọdún 1973, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹni tí kò bá ní ṣílè a san sísì, a sì ní kí n kọ ọ́ pé ó ku sísì. Àwọn àgbẹ̀ tí oko kòkó wọn wà lọ́nà Ifẹ̀tẹ̀dó kì í wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ta kòkó tán, wọ́n á san ti gbogbo ọdún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró tì mí lórí títí n ó fi kọ orúkọ wọn tán, wọ́n á ní kí n kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà tí kì í mú owó wá rárá. Epo pupa ni í gbé wá nínú ìgò, ìyá mi á díye lé e, èmi á kọ ọ́: epo, ṣílè kan. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó máa ń béèrè rìsíìtì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìwé. Ó ní òun ń tò ó pamọ́.

Kí ni wọ́n ń sanwó lé lórí? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọdé pàápàá há mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Ìyá mi kò sì fi tirẹ̀ pa mọ́: ti ẹ̀kọ́ ni òun bá lọ. Ó ṣírò rẹ̀ fún mi lórí ẹní lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣílè kan lọ́sẹ̀, tó bá di ọdún kan, náírà márùn-ún àti ṣílè méjì ni. Ó fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi owó ilé ìwé èmi àti àwọn àbúrò mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí Awólọ́wọ̀ bá wọlé, òun jèrè. Bí kò bá wọlé, òun pàdánù owó èlùbọ́ kóńgò díẹ̀. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé ìfẹ́ ìlú nìkan ló ń gbé àwọn àgbà wa lọ sí mítíìnì, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ọlọ́jà ni ìyá mi, bí ọlọ́jà ló sì ṣe ń dáwó.

Ọjà náà sì jèrè. Nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè ti ẹgbẹ́ wa di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1979, a kò sanwó ilé ìwé girama mọ́. Àwọn ọmọ pọ̀ dé ibi pé abẹ́ igi ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn mìíràn, tíṣà kò sì kárí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin tí ì bá ti máa kiri ẹ̀kọ ní Lágeré wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kó tó dé ibẹ̀, iṣẹ́ wà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń lẹ pósítà mọ́ ògiri, àwa ọmọdé ló ń gbé ìkòkò tẹ̀lé wọn. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń se àtè rẹ̀. A ó rò ó lórí iná títí yóò fi ki, a ó sì gbé e gbígbóná kiri láti Ìlódè dé Ẹnuwá, kí ó má bàa dì. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé ọ̀tá tó burú jù kì í ṣe àwọn NPN alámì ilé àti àgbàdo. Ewúrẹ́ ni. Ilẹ̀ á mọ́, a ó rí i pé ewúrẹ́ ti lá àtè gbágùúdá náà, ó sì ti jẹ àgbọ̀n olùdíje mọ́ ọn. Ewúrẹ́ kò ṣe ojúsàájú ṣá o. Ti NPN náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdìbò ọdún 1979 kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta márùn-ún ni: ọjọ́ 7 oṣù keje fún àwọn sẹ́nétọ̀, ọjọ́ 14 fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, ọjọ́ 21 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ọjọ́ 28 fún gómìnà, ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ fún ààrẹ. Fún àwọn tó dìbò, márùn-ún ni. Fún àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù wa, mẹ́wàá ni, nítorí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìdáná. Ẹ̀wà rírẹ, ẹ̀wà bíbó, lílọ̀, pípọ́n sínú ewé, ẹ̀kọ lọ́tọ̀, igi ìdáná láti ilé oníkálukú. Kò sí ẹni tó sanwó fún ẹnì kan. Ìyá mi ní kí olúkúlùkù wá pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, kí ó sì so òwú mọ́ etí rẹ̀ kí a lè dá a mọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ dá a padà. Láàárọ̀, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi á gbé àwo mọ́ínmọ́ín lọ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó jókòó ti àpótí ìbò. Ẹsẹ̀ ni a fi rìn.

Ọkùnrin ni gbogbo aṣojú tí mo gbé oúnjẹ fún. N kò ronú lé e nígbà náà. Ìyá mi ló ń kó owó jọ, òun ló mọ ẹni tó ń ṣàìsàn tí ó yẹ kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ dìbò, òun ló ń parí ìjà. Ṣùgbọ́n bí àlejò pàtàkì bá dé láti Ìbàdàn, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti máa ń pè é pé kó wá gbé omi wá. Ó ń gbé e. Nígbà tí mo dàgbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Omi tí mo gbé wá ni wọ́n mu, owó tí mo kó jọ náà ni wọ́n ná.” N kò mọ̀ títí di òní bóyá ó ń fi ìyẹn yangàn ni tàbí ó ń ráhùn.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ fún Awólọ́wọ̀, ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Kò tó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, wọ́n kéde Alhaji Shehu Shagari ti NPN pé òun ló wọlé. Ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà, ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta wọn, níbi tí òfin ní kí ààrẹ ti rí ìbò tó tó, sì di ìpínlẹ̀ méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan, èyíinì ni Kánò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, akọ̀wé oníkóòtù gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀, ó ya ilà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú igi. Ìyá alépo gbọ́ ọ títí, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé Kánò náà wá kí òun rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e.

Ìyá alépo yìí náà ló dá mítíìnì rú nítorí kẹrosín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí iná gáàsì ti ń kú kí mítíìnì tó parí. Ẹni tó wà nídìí ríra rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo wa fẹ́ràn, ní kẹrosín ti wọ́n. Ìyá yìí dìde, ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó rìsíìtì rẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ ní ìlà. Ó ní kí n ka iye tí òun nìkan ti san. Mo kà á. Ó ní kí n ka iye tí gbogbo ilé ti san láàárín àkókò kan náà. Mo kà á. Ó ní kí ọkùnrin náà sọ iye kẹrosín tó rà. Ariwo sọ. Alága ń lu tábìlì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé gálọ́ọ̀nù mélòó, lọ́wọ́ ta ni, ní ṣọ́ọ̀bù wo. Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé òun ti yá nínú owó náà. Wọn kò lé e. Wọ́n ní kí ó máa san án padà díẹ̀díẹ̀, kí n sì máa kọ ọ́ sí ojú ewé tirẹ̀.

Mo ti sọ ìtàn yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo wọn ló sì máa ń mi orí pé áà, ayé ìgbà yẹn dára. Wọn kì í dúró gbọ́ èyí tó kù. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ẹnì kan tó ń wá ipò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà nínú Peugeot 504 aláwọ̀ eérú. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó kí àwọn àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì fi àpò ìwé kan lé alága lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Wọ́n kà á lójú mi. Ó ju gbogbo ṣílè àti sísì àti epo pupa tí mo ti ń kọ láti oṣù mélòó kan lọ. Mo ṣí lẹ́jà, mo ti fi rúlà fa ilà. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Má kọ ìyẹn. Ìyẹn kì í ṣe owó wa.”

Ìyá alépo wà níbẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Kò sí ẹni tó béèrè. Nígbà tí orúkọ ẹni tí yóò díje dé láti òkè, orúkọ onímọ́tò yìí ni, a sì pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni pé ṣílè wa ra ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí kẹrosín wà. Kò ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu wa tóbi títí dé ibi tí owó wa dé, ó sì pa mọ́ níbẹ̀.

Bóyá bó ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Ilé-Ifẹ̀ níbí ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní oṣù kẹfà ọdún 1948, láti inú rẹ̀ sì ni Action Group ti jáde. Ìyá ìyá mi dá owó fún ọlọ́pẹ láti inú ẹ̀kọ tó ń tà, ó sì ń fi káàdì rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker jókòó ní ọdún 1962, ohun tí wọ́n sọ ni pé owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn, mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ló ti gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni kan wọ àpò ẹgbẹ́. Àwọn ọlọ́pẹ ní ọ̀tá ló gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, wọn kò sì ṣàìní ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ owó náà wọlé. Tọ́rọ́ tọ́rọ́ ìyá àgbà ń lọ láti ìsàlẹ̀, mílíọ̀nù ń bọ̀ láti òkè, wọn kò sì pàdé ara wọn nínú ìwé kankan tí òun lè ní kí wọ́n kà sí òun létí.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò gbàgbé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó san ló fẹ́ san. Ìyá mi kì í halẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ó kàn ń dúró ti ìsọ̀ ọlọ́jà pẹ̀lú èmi àti lẹ́jà, á kí i, á bèèrè ọmọ, á sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn le. Obìnrin aláta kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe NPN. Kò san. Kò sí ẹni tó bá a jà, ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, àwọn obìnrin Ìmọ́lẹ̀ ń rìn kọjá ìsọ̀ rẹ̀ lọ ra ata ní ìkángun ọjà, ata tí kò dára tó tirẹ̀. Ó kó kúrò lọ sí Sábó. Orúkọ tó wà nínú ìwé ń sọ ẹni tí a jẹ́. Orúkọ tí kò sí níbẹ̀ náà ń sọ tirẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, ìwé náà wá yí padà sí wa lórí. Ọjọ́ 13 ni wọ́n dìbò gómìnà, wọ́n sì kéde Dókítà Ọmọ́lolú Olúnlóyọ̀ ti NPN pé ó ti gba ipò lọ́wọ́ Bọ́lá Ìgè. Àwọn tó rántí ọdún 1965 àti Wẹ́tìẹ́ mọ ohun tó lè tẹ̀ lé irú ìkéde bẹ́ẹ̀: pẹtiróòlù, ìṣáná, ilé tó ń jó. Ìyá mi gbé lẹ́jà náà lóru, ó wé e sínú àpò ọ̀rá, ó sì rì í sí ìsàlẹ̀ àpò èlùbọ́. Ìwé tí àwọn ènìyàn ń ní kí n kà sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ ti di ìwé tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn kan wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fa orúkọ àwọn ya. Kò fa ìkankan ya. Ó ní bí òun bá ya ti ẹnì kan, ti gbogbo wọn á tú, nítorí okùn kan náà ló rán an pọ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ológun tún dé, wọ́n sì fòfin de gbogbo ẹgbẹ́, ti Ìmọ́lẹ̀ àti ti onílé. Ìyá mi yọ lẹ́jà rẹ̀ jáde, ó gbọn èlùbọ́ kúrò lára rẹ̀, ó ka iye ojú ewé tó ṣẹ́ kù tí kò ní nǹkan nínú. Ó ní kò yẹ kí ó ṣòfò. Ó fi wọ́n kọ àjọ ọjà fún ọdún púpọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọjọ́ tí sísan owó ẹgbẹ́ kú, n kò ní sọ pé ìgbà ológun yẹn ni. Wọ́n ti fòfin de ẹgbẹ́ rí, ó sì jí. Ọdún 1989 ni mo máa ń tọ́ka sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ọ̀gágun Babangida kọ gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́tàlá tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ó sì dá méjì sílẹ̀ fúnra rẹ̀, SDP àti NRC. Ìjọba kọ ìlànà wọn, ìjọba fún wọn lówó, ìjọba kọ́ ilé fún wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri. Wọ́n ní kí olówó má bàa gba ẹgbẹ́ ni. Ní ìdìbò gómìnà ọdún 1991, a tò sẹ́yìn àwòrán olùdíje bí ọmọ ilé ìwé, èmi náà tò, mo sì dìbò fún SDP ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ìyá mi wá ṣe ìyá ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lọ wo ilé tuntun náà, ó wo àga, ó wo fáànù, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí òun wá kó jọ. Wọ́n ní kò sí nǹkan tí yóò kó jọ, kí ó ṣáà máa kó àwọn obìnrin wá. Ó padà sídìí èlùbọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, omi ti ń ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀. Owó mọ́tò kí ènìyàn tó lọ sí ìpàdé. Ankara kí ó tó jó. Ìrẹsì kóńgò kan bí ọdún bá súnmọ́. Ní ọdún 2018, “dìbò kó o sebẹ̀” wọ ẹnu gbogbo ènìyàn láti Èkìtì dé Ọ̀ṣun, kò sì sí ẹni tó fi ń bú ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2022, ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà ni fọ́ọ̀mù tí ẹni tó bá fẹ́ díje fún ipò ààrẹ yóò rà ní APC, ogójì mílíọ̀nù ni ní PDP. Mo gbé ṣílè ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú tì mí fún ìṣirò náà. Síbẹ̀ n kì í bá àwọn aládùúgbò mi tó ń gba ìrẹsì wí. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí nǹkan mìíràn gbà lọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ti dópin, ẹni tó bá gba ìrẹsì kóńgò kan mọ iye tí ó gbà. Èyí tó ń dùn mí ni pé àpò ìwé onímọ́tò yẹn ló gba gbogbo ilé. Kò sí owó wa níbẹ̀ mọ́ tí a lè torí rẹ̀ pariwo.

Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 2023. Wọ́n ti gbogbo yunifásítì pa nítorí ìdìbò, ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wá bá mi gbé. Àsìkò tí a kò rí owó gbà ní báńkì ni, tí wọ́n pààrọ̀ náírà, tí àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ATM. Ọmọ yìí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi dátà tiwọn ṣe ìpolongo fún olùdíje tó wù wọ́n. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Mọdákẹ́kẹ́ àti Pàrakìn, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbà bí ẹ̀rọ BVAS ṣe ń wo ojú ènìyàn. Wọ́n sì ń dáwó. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ránṣẹ́ láti inú owó oúnjẹ òun. Inú mi dùn débi pé mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kún un, òun ló bá mi fi ránṣẹ́ láti orí fóònù mi.

Olùdíje wọn kò wọlé. Atiku ló mú Ọ̀ṣun, Tinubu ló mú Nàìjíríà. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo bi í pé kí ni wọ́n rí fi owó náà ṣe. Ó fi fóònù hàn mí. Gbogbo ohun tó ní ni àlẹ́ẹ̀tì báńkì, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan tí kò rí rí. Ó ní wọ́n bèèrè nínú gúrúùpù WhatsApp wọn. Àwọn bíi mélòó kan bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ariwo díẹ̀, alákòóso sì tì í. Láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ó máa ń fi àdúrà ránṣẹ́.

Mo sọ ti kẹrosín fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, pàápàá níbi tí ìyá alépo ti tò rìsíìtì sílẹ̀. Ó wá bi mí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ṣé ọkùnrin náà san án padà?

Ó san án. Sísì lónìí, ṣílè lọ́la, ọ̀sẹ̀ mìíràn kò ní sí rárá, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ológun dé ní ìparí ọdún 1983, ó ku ṣílè mẹ́ta.